Ẹ̀ẹ̀mẹta Ni A Ń Tú Aṣọ Àkọ́hun

Lẹ́tà náà kò gùn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ takuntakun tí mo ti ṣe. Wọ́n ní nítorí ọmọ ọwọ́ tí mo ní, ìgbìmọ̀ ti rò ó dáadáa, ó sì dára kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu kíkọ́ àwọn obìnrin ní aṣọ híhun, kí n lè ráyè tọ́jú ilé mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Ọmú wà lẹ́nu Dáre, ọmọ mi kékeré, nígbà tí mo ń kà á.

Àwọn tí mo máa ń rí tí wọ́n ń kọ ìtàn iṣẹ́ ayé wọn, ewú ti bo orí wọn, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń bá wọn wá awò ojú. Èmi kò ní ewú. Àmọ́ bí wọ́n bá ti lè fẹ̀yìn mi tì, a jẹ́ pé èmi náà ti tó kọ tèmi. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tán, tí ẹ máa ń dá mi dúró lọ́nà ọjà Kàbbà pé ṣé kí ẹ kọ́ṣẹ́ aṣọ híhun tàbí kí ẹ máa retí yunifásítì, ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ́ fún. Màá sọ ibi tó dùn, màá sọ ibi tí mo ti ṣe ohun ìtìjú, màá sì sọ ìdí tí wọ́n fi lé mi, nítorí lílé ni wọ́n lé mi.

Bí mo ṣe bọ́ sídìí iṣẹ́ yìí kò ní ìtàn púpọ̀. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbúrò mẹ́ta sì wà lẹ́yìn mi tí ìyá mi gbọ́dọ̀ bọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń gbé ní Ogidi ní kí wọ́n mú mi wá. Ìyé ni àwa ará Okun ń pe ìyá, torí náà Ìyé Ogidi ni gbogbo ẹbí ń pè é. Ó ní òun á rán mi nílé ìwé, èmi á sì máa ran òun lọ́wọ́ nídìí òfì. Ó ṣe èyí tó sọ pé òun á ṣe, èmi náà sì ṣe tèmi. Ní ti owó, mo jẹun, mo kàwé, mo ra bàtà. Ẹni tó bá fẹ́ dolówó kíákíá, kó wá nǹkan mìíràn ṣe, mi ò ní purọ́ fún un.

Fún ẹni tí kò rí òfì obìnrin rí: igi gígùn méjì ló dúró ti ògiri, igi méjì mìíràn dábùú wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. A ó na òwú láti òkè dé ìsàlẹ̀, fọ́nrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́nrán. A ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, a ó na ẹsẹ̀, a ó máa ti òwú mìíràn gba àárín wọn kọjá láti ọ̀tún sí òsì, ká tún dá a padà láti òsì sí ọ̀tún. Igi pẹlẹbẹ kan wà tí à ń pè ní apasá, òun la fi ń gbá òwú náà mọ́lẹ̀ kó lè fún pọ̀. Òfì àwọn ọkùnrin yàtọ̀, tiwọn máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ìta gbangba ni wọ́n ń ta á sí. Tiwa fẹ̀, inú ilé ló ń gbé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ti ń sebẹ̀, ibẹ̀ la ti ń fún ọmọ lọ́mú.

Fún odindi ọdún kan, Ìyé Ogidi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan apasá. Kóró òwú ni mò ń yọ. Lẹ́yìn ìyẹn mo bẹ̀rẹ̀ sí í ranwú. Obìnrin náà kì í pariwo, kò sì lù mí rí. Bí òwú tí mo ran bá nípọn níbì kan tó tún tẹ́ẹ́rẹ́ níbòmíràn, á kàn já a síbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, á gbé méjèèjì lé mi lọ́wọ́, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn dùn mí ju kó lù mí lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń dé láti ilé ìwé, wọ́n á lọ ṣeré ní pápá lábẹ́ òkè, èmi á máa gbọ́ ohùn wọn látinú ilé, ìrànwú á máa yí lọ́wọ́ mi. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà yẹn. Mo gbèrò láti sá lọ Lọ́kọ́jà lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò mọ ọ̀nà ni.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo hun aṣọ mi àkọ́kọ́. Funfun ni, kò gùn ju ohun tí wọ́n fi ń pọnmọ lọ. Mo gbé e kiri gbogbo agboolé. Àwọn àgbà ń kí mi, òkun o, ahunṣọ, òkun o. Mo gbé e padà wá fún Ìyé Ogidi bí ẹni gbé ẹ̀bùn wá. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ lé e, ó fi ìka wọn òkè, ó wọn àárín, ó wọn ìsàlẹ̀. Ó ní aṣọ mi ní ìbàdí. Òótọ́ ni. Òkè fẹ̀, ìsàlẹ̀ fẹ̀, àárín sún wọlé bí ìbàdí ọmọge. Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló ń ṣe é, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé òwú á tú, á wá máa fa òwú náà le bó bá ti dé etí aṣọ. Díẹ̀díẹ̀ ni etí aṣọ á máa sún wọlé. Ẹni tó ń hun ún kò ní mọ̀.

Ó ní kí n tú u. Mo rò pé ibi tó burú yẹn ló ní kí n tú. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni, láti orí dé ìdí, kí n ká òwú rẹ̀ jọ, kí n tún un hun. Mo sunkún títí tí imú mi fi dí.

Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní, “Ìyé, ẹ kúkú sọ ibi tí mo ti ṣì í fún mi, mi ò ní ṣe é mọ́.”

“Bí mo bá sọ ọ́, etí rẹ ló máa gbọ́ ọ,” ló wí. “Tú u, kí ọwọ́ rẹ lè gbọ́.”

Mo tú u. Ohun tó fẹ́ kí n rí ni mo rí. Bí mo ṣe ń fa òwú náà jáde, ibì kan á yọ wọ́ọ́rọ́, ibì kan á dì mọ́ra bí ẹni pé kò fẹ́ jáde. Ibi tó ń dì mọ́ra yẹn ni ibi tí ìbẹ̀rù mi wà. Mo hun ún lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n tú u. Mo hun ún lẹ́ẹ̀kẹta, etí rẹ̀ tọ́, ó ní kí n tú u. Èyí tó dára yẹn ló dùn mí jù láti tú. Òfin ilé rẹ̀ nìyẹn: ẹ̀ẹ̀mẹta ni à ń tú aṣọ àkọ́hun, ì báà dára, ì báà burú. Ẹ̀kẹrin ni tìẹ. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ náà ṣe kọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Mo parí ìwé mẹ́wàá, àbájáde mi dára, kò sí ẹni tó máa rán mi lọ síwájú. Mo dúró ti Ìyé Ogidi. Nígbà yẹn ojú rẹ̀ ti ń ṣú, èmi ni mò ń bá a wo àwọ̀ òwú.

Báyìí, ohun ìtìjú tí mo ní màá sọ. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Wọ́n mú Ìyé Ogidi lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Lọ́kọ́jà, ó kù èmi nìkan nílé. Obìnrin kan wá láti Ìyámóyè. Ó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ, ó sì fẹ́ aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ máa ró lọ́jọ́ náà. Ó béèrè Ìyé, mo ní kò sí nílé, àmọ́ mo wà. Inú mi dùn débi pé n kò ronú. Ìbú aṣọ òfì kan kò tó obìnrin ró, méjì la máa ń rán pọ̀. Mo fara balẹ̀ hun ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ ti ń sún mọ́lé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ èkejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú, bí mo sì ṣe ń kánjú ni mò ń fa òwú. Nígbà tí mo yọ ọ́ lórí òfì, ó fi ìka mẹ́ta kéré sí ìkejì rẹ̀.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, n kò ṣe é. Mo rẹ èyí tó kéré sínú omi, mo fà á gbooro, mo fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́, ó fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ìkejì. Mo rán wọn pọ̀. Mo wò ó títí, mo tan ara mi jẹ.

Òjò wẹliwẹli kan rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà ní Ìyámóyè, kò pẹ́ rárá. Àmọ́ bí omi ṣe kan aṣọ náà, apá tí mo nà pẹ̀lú ipá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí bó ṣe wà. Ojú ìránṣọ hunjọ bí ẹnu arúgbó. Nígbà tí ìyá ìyàwó kúnlẹ̀ kí àwọn àna rẹ̀, ojú ìránṣọ náà ya láti ìbàdí dé orúnkún, níwájú àwọn àna. Èmi náà wà lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ti fún mi lóúnjẹ. Obìnrin náà di aṣọ náà mú lẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. Mo gbé oúnjẹ náà sílẹ̀, mo sá lọ.

Nígbà tí Ìyé Ogidi dé, mo jẹ́wọ́ fún un. Bándéèjì ṣì wà lójú rẹ̀ kan. Ó ní kí n múra. A wọ ọkọ̀ lọ sí Ìyámóyè lọ́jọ́ kejì, ó di ọwọ́ mi mú nítorí kò ríran dáadáa, ó sì kúnlẹ̀, òun tó ju obìnrin yẹn lọ ní ogún ọdún ó kéré tán, ó ní òun ló hun aṣọ yẹn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fún ọwọ́ mi pọ̀. Obìnrin náà sunkún, ó gbé aṣọ náà fún wa. Ilé la ti tú u, èmi ń tú, Ìyé ń ká òwú. A hun òmíràn fún un. Ó gbà á. N kò gbọ́ pé ó ró o rí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé òfin ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn kì í ṣe ìyà. Ìyé Ogidi ti kú báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá rí mi tí mo ń le koko lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó rántí pé mo ti rí àgbàlagbà kan lórí ìkúnlẹ̀ nítorí ọwọ́ mi.

Kí ẹ má rò pé gbogbo nǹkan àtijọ́ ni mo fẹ́ràn o. Òwú tí à ń fọwọ́ ran, mo ti fi sílẹ̀. Òwú ilé iṣẹ́ ni mò ń rà, ó dọ́gba, ó lágbára, ó sì ní àwọ̀ tí ìyá ẹnì kankan kò rí rí. Àwòrán ọnà tí àwọn oníbàárà ń fẹ́, orí fóònù ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ sí mi. Kódà òfì mi, irin ni. Wẹ́dà ni ọkọ mi, nídìí ilẹ̀kùn irin ló ti ń jẹun. Nígbà tó ń wá mi fẹ́, ó wo òfì onígi tó ń mì jẹ́gẹjẹ̀gẹ ti Ìyé Ogidi, ó ní òun lè ṣe èyí tí kò ní mì. Ìyé rẹ́rìn-ín, ó ní kó ṣe é ká rí i. Ó gbé e wá. Ìyé fi apasá lù ú lókè, ó lù ú nísàlẹ̀, ó ní ó ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kò mì. Nígbà tí òjò dé, irin náà dógùn-ún, ó sọ gbogbo òwú funfun kan di pupa fún wa. Ọkọ mi tún gbé e lọ, ó kùn ún ní ọ̀dà, ó gbé e padà. Ìyẹn ni Ìyé fi gbà kí n fẹ́ ẹ. Ó ní ọkùnrin tó lè gbé iṣẹ́ ara rẹ̀ padà lọ túnṣe kò pọ̀.

A kó wá sí Kàbbà, mo bí Ìbùkún, lẹ́yìn ọdún mélòó kan mo bí Dáre. Láàárín méjèèjì ni ẹgbẹ́ obìnrin kan ṣí ilé ìkọ́ṣẹ́, wọ́n ní kí n wá máa kọ́ àwọn tí kò mọ nǹkan kan rí nípa òfì. Alága wọn kì í ṣe ènìyàn búburú. Òun ló sáré kiri tí wọ́n fi rí òfì, tí wọ́n fi rí òwú. Mo kọ́ ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì àkọ́kọ́, wọ́n kéré, kò sí ẹni tó ń wò wá, a sì tú aṣọ wa ní ìrọ̀rùn. Nínú ọ̀wọ́ kẹta ni obìnrin mẹ́sàn-án wà. Mo sọ òfin náà fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọ̀kan tí à ń pè ní Ìyá Tólú ní, “Àǹtí, ṣé kéèyàn bímọ tán, kó tún gbé e padà sínú ni?”

Mo ní bó bá ṣeé ṣe ni, mi ò bá ti tún Ìbùkún bí, agídí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń jókòó sí, Dáre á wà lẹ́yìn mi, n kì í gba apasá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí òwú náà tẹ̀ sókè bí òṣùmàrè kí wọ́n tó gbá a mọ́lẹ̀, kó lè ní àyè, kó má fa etí wọlé. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n á tún fà á. Gbogbo wọn ló hun aṣọ oníbàdí, bó ṣe yẹ kó rí.

Ọ̀kan nínú wọn ni Ràfíátù. Ọmọ Ìyàrà ni, Kàbbà ló lọ́kọ sí, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ, ó sì ní ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ìyá ọkọ rẹ̀, Àlàájà, ń ta ẹ̀gúsí lọ́jà. Àlàájà ti sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí kíkọ́ náà bá parí tí òun kò rí aṣọ, kó padà wá jókòó sídìí ẹ̀gúsí bíbó. Gbogbo wa la mọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí sáà parí, Alága ní àwọn àlejò ń bọ̀ láti Àbújá. Wọ́n fẹ́ wo iṣẹ́ wa, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n á máa ràn wá lọ́wọ́ lọ. Ó ní kí a rán àwọn aṣọ náà ní méjì méjì, ká fi ṣe ìró, ká fi ta àwọn àlejò lọ́rẹ. Mo ní aṣọ tí a fẹ́ tú ni. Ó rò pé mò ń ṣeré.

“Màmá Ìbùkún, aṣọ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Kí ni kí n gbé fún wọn, òwú?”

“Ẹ fi àwọn obìnrin náà hàn wọ́n, Mà. Ẹ ní wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́.”

Ó ní ká fi hàn wọ́n ná, bí wọ́n bá lọ tán kí n wá tú ohun tó bá wù mí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, mi ò ní parọ́. Àmọ́ aṣọ tí wọ́n bá ti fi tọrẹ kò ní padà wá. Ẹni méjì tí ọwọ́ wọn kò bára mu ni wọ́n máa rán iṣẹ́ wọn pọ̀, apá kan á fẹ̀, apá kan á ní ìbàdí, obìnrin kan á sì ró o lọ síbi tí ojú pọ̀ sí. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i. Alága ní ta ló bi mí. Ó ní òun ló ni òfì, òun ló ni òwú. Òótọ́ nìyẹn náà.

Mo pe àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bó ṣe rí. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ sílẹ̀, kó gbé e sílẹ̀, kò sí ìjà láàárín wa. Mẹ́fà gbé tiwọn sílẹ̀, Ìyá Tólú wà nínú wọn, ó sì ń wo ilẹ̀. Ẹni méjì jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ó ku Ràfíátù tó dúró, tó gbá aṣọ rẹ̀ mọ́ àyà. Mo lọ bá a, mo ní kó gbé e lọ fi han Àlàájà, kó má tú u, tirẹ̀ yàtọ̀.

Ó bi mí pé, “Ṣé bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ máa tú u?”

N kò lè purọ́ fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó, ó wá ibi tí òwú náà parí sí, ó fà á.

Àwọn àlejò wá, wọ́n gbàdúrà ti kìrìsìtẹ́ẹ́nì, wọ́n gbàdúrà ti mùsùlùmí, inú wọn dùn, wọ́n ya fọ́tò. Ìró mẹ́ta náà gún régé lórí tábìlì níbi tí wọ́n ká wọn sí. Ọkùnrin kan nínú wọn wo àwọn mẹ́ta tó jókòó pẹ̀lú òwú kíká lẹ́sẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣe wọ́n. Alága ní àwọn yẹn kò tètè mọ̀ ọ́n ni, wọ́n ṣì wà lẹ́yìn. Mo rí ojú Ràfíátù. Mo dìde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi, mo ní rárá o, àwọn mẹ́ta yìí ló wà níwájú, àwọn aṣọ orí tábìlì yẹn kò tíì tó ró. Alága rẹ́rìn-ín fún àwọn àlejò, ó ní ẹ má dá Àǹtí lóhùn, ọmọ ọwọ́ kì í jẹ́ kó sùn dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba ìró wọn, wọ́n ṣèlérí ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì mú ìlérí náà ṣẹ. N kò gbọ́ pé ìró kankan ya. Bóyá kò sí ẹni tó ró wọn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà mi dé.

Ẹ má retí pé kí n sọ fún yín pé wọ́n padà wá bẹ̀ mí. Wọn ò wá. Wọ́n ti rí ẹlòmíràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ń fi kọ́ wọn, wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí aláwọ̀ góòlù. Ọkọ mi ka lẹ́tà náà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó bi mí pé òfì mélòó. Mo ní mẹ́ta. Ó fi àjákù irin ilẹ̀kùn ṣe wọ́n, ó kùn wọ́n ní ọ̀dà kó tó gbé wọn wá, mo sì tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Àwọn méjì dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ràfíátù kò dé. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọkàn mi kò balẹ̀, mò ń sọ nínú ara mi pé mo ti fi agídí mi ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó wọlé, ó kí mi, òkun o Àǹtí, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dáre. Ó ní Àlàájà fún òun di ìparí oṣù. Bó bá di ọjọ́ náà tí kò sí aṣọ, ó tán. Ó hun. N kò rí ẹni tó hun bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ rẹ̀ ń fa irun rẹ̀, ó ń hun.

Ọjọ́ tó parí rẹ̀ ni Àlàájà fúnra rẹ̀ wá gba aṣọ. Ọ̀sán gangan ni, gèlè ọjà ṣì wà lórí rẹ̀, èèpo ẹ̀gúsí ṣì wà lára ìró rẹ̀. Mo fún un ní àga, ó ní òun kò wá jókòó. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí apá rẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Mo fi ìka wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀, bákan náà ni. Àlàájà ní ó dára. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó lè dára tó báyìí. Ó ti ń ká a láti gbé e lọ.

Aṣọ ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ nìyẹn. A ṣì gbọ́dọ̀ tú u, kó hun ẹ̀kẹta, ká tú ìyẹn náà. Mo mọ̀ ọ́n, Ràfíátù mọ̀ ọ́n, àwọn méjì tó kù ti gbé apasá sílẹ̀ tí wọ́n ń wo ẹnu mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹnu mi wúwo. Mo wo obìnrin tó gbọ́dọ̀ padà sídìí ẹ̀gúsí bí n bá sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí aṣọ náà lọ.

Ràfíátù ló na ọwọ́. Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo nǹkan kan.” Ó gba aṣọ náà, ó di ojú, ó fi àtàǹpàkò rìn lórí aṣọ náà, ó dúró níbì kan. Ó ní láti ibí dé ibí, ọjọ́ tí ara ọmọ gbóná ni, òun ń gbọ́ ẹkún rẹ̀, òun fà á le díẹ̀. Ó gbé e fún mi. Mo fọwọ́ bà á, n kò mọ nǹkan kan. Ó mú ìka mi, ó gbé e sí ojú ibẹ̀ gan-an. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n, kò ju fọ́nrán mẹ́rin lọ.

Àlàájà náà fọwọ́ bà á. Ó ní òun kò rí nǹkan kan o. Ó wò mí, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi,” ni Ràfíátù wí, ó sì wá ibi tí òwú náà parí sí, ó fà á.

Àlàájà pòṣé. Ó ní ilé wèrè ni òun wá yìí. Ó wá fa àga náà mọ́ra, ó jókòó, ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ó ní kí Ràfíátù rọra máa fà á bọ̀ kó má baà lọ́, òun á máa bá a ká a.